Àna tí kò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́

Ní ìlú Igbó-Ayín, kò sí aránṣọ tí ó gbayì tó Láṣebìkan ní àkókò tí mò ń sọ yìí. Ọmọṣẹ́ mẹ́fà ni ó ní. Òun ni ó ń rán aṣọ àwọn olóyè, òun náà ni ó ń rán ti àwọn tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ kì í jáde láìjẹ́ pé aṣọ rẹ̀ jẹ sítáàṣì dáadáa, bí ó bá sì fẹ́ jókòó nílé onílé, yóò kọ́kọ́ fi ìka nu àga náà wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnikẹ́ni gbójú sọ ọ́ létí Láṣebìkan.

Ó ní kẹ̀kẹ́ kan. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti rà á, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tí gbogbo ìlú yóò ti máa rí i. Àràárọ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ ń nù ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò fi ọwọ́ tì í lọ, yóò sì fi ọwọ́ tì í bọ̀, yóò ní òun kò fẹ́ kí ṣòkòtò òun rún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Láṣebìkan kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, nìkan ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò kan ṣoṣo ni Láṣebìkan ní, Ìṣọ̀lá ni orúkọ rẹ̀. Ìṣọ̀lá kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá àti ìyá wọn tẹ̀ lé ara wọn lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ títí ó fi di géńdé. Nígbà tí Ìṣọ̀lá wá rí ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Àbẹ̀jẹ́ ní ìlú Òkè-Awùn, tí ó sì sọ ọ́ nílé, inú Láṣebìkan dùn bí ẹni pé òun gan-an ni yóò gbéyàwó. Àmọ́ Baba Ọ̀jẹ́làdé, bàbá ọmọbìnrin náà, kò tètè gbà. Ó ní ohun tí òun ti ń gbọ́ láti kékeré ni pé àwọn ará Igbó-Ayín gbéra ga, pé wọn kì í tẹrí ba fún àgbà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó dá ọjọ́ ìdána. Nígbà tí ó dá a tán, ó ní olórí ẹbí ọkọ gan-an ni kí ó gbé ẹrù ìdána wá, kí òun lè fojú ara òun rí irú ilé tí ọmọ òun fẹ́ wọ̀.

Ogójì máìlì ni Igbó-Ayín sí Òkè-Awùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọn ì bá wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìdána ku oṣù méjì, òjò kan rọ̀ tí ìjì bá rìn. Ó ṣí òrùlé, ó wó igi káàkiri gbogbo agbègbè náà, ó sì gbé afárá odò Awùn lọ. Igi gẹdú méjì ni àwọn ará abúlé wá gbé dábùú odò. Ẹlẹ́sẹ̀ lè gba orí rẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ lè gbà á, ọkọ̀ kò lè gbà á.

Bí ìròyìn yìí ti dé, Ìṣọ̀lá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run mà ṣeun o, ẹ ní kẹ̀kẹ́."

Àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbọ́. Kí ni Láṣebìkan yóò wí? Ó ní, "Ṣé ogójì máìlì náà ni ò ń pariwo lé lórí báyìí?" Ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Nígbà náà, ọ̀gá kan wà ní ìlú fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ṣóyẹmí ni orúkọ rẹ̀, Baba Olóbì ni gbogbo ayé ń pè é. Fún ogún ọdún ni ó ti fi kẹ̀kẹ́ ru obì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Ìlọrin kí ó tó fẹ̀yìn tì sí Igbó-Ayín. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn. Kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju ẹmu lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ le. Yóò di àpò yanrìn méjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò ní kí o gùn ún, kí o sì sọ̀ kalẹ̀. Wàá ṣubú. Yóò ní kí o dìde. Yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi rọ́bà túùbù àlòkù di ẹrù kó má baà yẹ̀, bí a ṣe ń gbé ẹrù tó wúwo sísàlẹ̀, bí a ṣe ń ri túùbù bọ omi kí a lè rí ibi tó ti jò, àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó máa ń tẹnu mọ́ jù lọ ni ìsọ̀kalẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá pàdé àgbà lọ́nà kì í kí i láti orí kẹ̀kẹ́. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò kí i, kí ó tó gùn ún padà. Baba Olóbì a máa sọ pé, "Ẹni tó lè gùn ún tí kò lè sọ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gun olúwarẹ̀."

Ohun kan ni ó burú níbẹ̀: ẹ̀yìnkùlé náà kò ní odi, àfi ọgbà igi gbígbẹ. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, àwọn aládùúgbò a fara ti ọgbà yìí, wọn a máa wo àwọn tó ń ṣubú, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi jáde lójú wọn. Láṣebìkan lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bá akọ̀wé ilé ìtajà kòkó kan nílẹ̀ gbalaja, tí kẹ̀kẹ́ gorí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan bọ́ sínú àwo omi tí wọ́n fi ń yẹ túùbù wò. Méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ tirẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Láṣebìkan kí Baba Olóbì, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

Láti ọjọ́ kejì, ìdájí ni ó ń jí. Òun àti Àwẹ̀ró yóò gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá ilé-ìwé kí ìlú tó jí. Àwẹ̀ró yóò di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, yóò máa sáré, títí ọkọ rẹ̀ yóò fi lè dá dúró lórí rẹ̀. Kí á má purọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Láṣebìkan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gbọnrangandan. Kò ṣòro fún un láti yípo pápá. Bí yóò bá dúró nìkan ni ó máa ń di ìṣòro, nítorí ó ti gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ga kí ó lè yọ lórí rẹ̀ bí olówó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tólẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀, yóò darí sídìí igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, yóò dì mọ́ ọn, yóò sì yọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá tún fẹ́ gùn ún, ìdí igi náà ni yóò ti gùn ún.

Àwẹ̀ró sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé, "Baba Àyọ̀ká, igi máńgòrò kò sí lójú ọ̀nà Òkè-Awùn o. Ẹ jẹ́ kí á lọ bá Baba Olóbì."

Ó ní, "Kí àwọn ọmọṣẹ́ mi wá máa fi mí ṣe ìran? Igi wo ni kò sí lójú ọ̀nà? Ìṣọ̀lá ti sọ fún mi, igi odán ńlá kan wà níwájú ilé àna wa gan-an."

Àwẹ̀ró ti rí i pé ọkọ òun ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ lé igi odán yẹn, ó sì ṣíwájú lọ sílé.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, Baba Olóbì fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ẹrù tí Láṣebìkan ti dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́: obì àbàtà méjìlélógójì, orógbó, ataare, àpò iyọ̀, aṣọ òfì ìyàwó, àti kèrègbè oyin kan tí ó jókòó sórí gbogbo rẹ̀ bí ọba. Okùn ni ó fi dì í, kì í ṣe rọ́bà, nítorí ó ní rọ́bà àlòkù kò bójú mu lára ẹrù ìdána.

Baba Olóbì fi ọwọ́ ti kèrègbè náà díẹ̀, ó sì mì. Ó ní, "Láṣebìkan, ṣé o lè sọ̀?"

"Baba, ẹni tó bá lè gùn ún, ṣé kò ní lè sọ̀ ni?"

"Èmi ni mò ń bi ọ́. Bí o bá fẹ́, màá bá ọ lọ. Ẹsẹ̀ mi kan ń dùn mí, ṣùgbọ́n yóò gbé mi débẹ̀."

Àwọn ọmọṣẹ́ gbójú sókè níbi iṣẹ́ wọn. Láṣebìkan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ sinmi ní tiyín."

Baba Olóbì kò jiyàn. Ó yọ rọ́bà méjì nínú àpò, ó gbé wọn ka orí tábìlì, ó sì lọ. Ibẹ̀ ni Láṣebìkan fi wọ́n sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìdajì ìlú jáde láti wò ó. Ó gun kẹ̀kẹ́ láti orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ ti àtẹ̀gùn náà, ó sì lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìṣọ̀lá sáré tẹ̀ lé e títí dé ẹ̀yìn ìlú, ayọ̀ sì ń dán lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìtìjú fi bẹ̀rẹ̀. Ó pàdé bàbá àgbà kan tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú ẹrù igi lórí. Bàbá náà yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń retí kí géńdé tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí òun. Láṣebìkan wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí igi tó súnmọ́. Ó lu agogo kẹ̀kẹ́, ó tẹrí ba lórí ìjókòó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba," ó sì kọjá. Ó gbọ́ tí bàbá náà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí ó sọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná. Àwọn ìyá méjì kan tún ń bọ̀ níwájú, ó tún lu agogo. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, agogo ni ó ti fi kí gbogbo àgbà tó wà láàárín Igbó-Ayín àti odò Awùn. Níbi tí kò bá sí ènìyàn, tí ó sì fẹ́ sinmi, yóò darí kẹ̀kẹ́ sínú koríko tó ga, tó sì nípọn, yóò sì jẹ́ kí ó rọra wó lé e. Ibi tí òkìtì bá wà ni ó ti ń gùn ún padà. Ó sun abúlé kan mọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ti ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí gẹdú odò Awùn, táyà ẹ̀yìn jò. Ó ní ohun èlò gbogbo lọ́wọ́, pọ́ńpù, gọ́ọ̀mù àti ègé rọ́bà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà wọ́n. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n. Adẹ́mu kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ni ó rí i, tí ó sì wá ràn án lọ́wọ́. Ó yọ túùbù, ó rì í bọ odò, ó rí ibi tí omi ti ń hó, ó nù ún gbẹ, ó sì lẹ̀ ẹ́.

Bí ó ti ń ṣe é, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá, nítorí ìgbà mìíràn."

Láṣebìkan yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ mi ni ó ń dùn mí."

Adẹ́mu wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ẹrù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Ẹrù yín yìí ga jù. Oyin tó wà lókè yìí, ẹ jẹ́ kí á gbé e sísàlẹ̀."

"Bí a ṣe ń dì í nílùú wa nìyẹn."

 Adẹ́mu di kẹ̀kẹ́ mú fún un títí ó fi gùn ún. Nígbà tí Láṣebìkan ti lọ jìnnà ni ó tó rántí pé òun kò dúpẹ́.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó rí òrùlé Òkè-Awùn. Ọ̀nà náà da gẹ̀rẹ́ wọ ìlú, ó gba àárín ọjà, ilé Baba Ọ̀jẹ́làdé sì wà ní òdìkejì ọjà gan-an. Ọjọ́ ọjà ni. Láṣebìkan tún aṣọ rẹ̀ ṣe lórí ìjókòó, ó na ọrùn, ó ń wá igi odán.

Kò sí igi odán. Ìjì tó gbé afárá lọ ni ó wó o. Kùkùté rẹ̀ nìkan ni ó kù, wọ́n sì ta àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ sórí ibẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà náà ni Baba Ọ̀jẹ́làdé jókòó sí, pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àgbà àdúgbò, tí gbogbo wọn wọ aṣọ àwọ̀sóde wọn, tí wọ́n ń retí àna.

Bí wọ́n ti rí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n dìde.  Láṣebìkan fa bíréèkì díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì pẹ̀lú ẹrù, ó yára tú u sílẹ̀. Kò rí ibi tí yóò dì mọ́ àfi àwọn àgbà tó dúró níwájú rẹ̀. Ó lu agogo. Ó ní, "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin àna mi!" Ó sì kọjá lọ.

Àwọn kan rò pé ó fẹ́ lọ gbé kẹ̀kẹ́ síbì kan ni. Ó yípo ọjà, ó tún bọ̀. Ó tún lu agogo, ó tún tẹrí ba lórí ìjókòó, ó tún kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ará ọjà ti dá iṣẹ́ dúró. Obìnrin kan ní, "Ṣé ará Igbó-Ayín nìyẹn? Ó mà ń gun kẹ̀kẹ́ yí àna rẹ̀ ká." Láṣebìkan gbọ́ ọ. Òógùn ti bo sítáàṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kí Ó fún òun ní igi kan ṣoṣo.

Nígbà tí ó yípo lẹ́ẹ̀kẹta, okùn ẹrù tú. Kèrègbè oyin yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, Láṣebìkan sì tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Iwájú àtíbàbà gan-an ni ó ṣubú sí, ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ méjèèjì níwájú. Kèrègbè fọ́ sí i lẹ́yìn. Obì yí káàkiri ọjà, títí dé abẹ́ àtẹ àwọn aláta.

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Baba Ọ̀jẹ́làdé wá síwájú, ó dúró lé e lórí. Ó ní, "Àna wa, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn, àbí ìṣubú?"

Kí Láṣebìkan tó dáhùn, àbúrò Baba Ọ̀jẹ́làdé kan ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà. Ó rí wa ní ìdúró lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ kí wa lónìí tí ó ń tọrọ ọmọ, kí ni yóò ṣe lọ́la tí ó bá ti gbà á tán? Ohun tí a ti ń gbọ́ nípa wọn nìyí." Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láṣebìkan wà nílẹ̀ níbẹ̀, oyin ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀. Ó rí ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò pè é ní agbéraga, yóò sì kó ẹrù padà lọ bá Ìṣọ̀lá. Agbéraga kì í ṣe orúkọ tí ó dùn, ṣùgbọ́n orúkọ ńlá ni, ó lè jẹ́ ẹ padà wọ ìlú rẹ̀ láìtijú. Bí ó bá sì sọ òtítọ́, aláìmọ̀kan ni wọn yóò pè é, kò sì lè gbé orúkọ yẹn lọ síbì kankan. Ó ronú kan Ìṣọ̀lá bí ó ti sáré tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ìlú.

Ó ní, "Baba, ìṣubú ni." Wọ́n ní àwọn kò gbọ́, kí ó tún un sọ. "Ìṣubú ni. Kì í ṣe pé mo gbéra ga. N kò mọ̀ ọ́n sọ̀. Mo lè gùn ún, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n sọ̀."

Ìgbà náà ni ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ròkè láti ọ̀dọ̀ aláta dé ọ̀dọ̀ eléwúrẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn pé kò mọ̀ ọ́n sọ̀, kò mọ̀ ọ́n sọ̀. Láṣebìkan ti rí ojú tó ń bínú sí i rí. Kò tíì rí èyí rí. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì.

Baba Ọ̀jẹ́làdé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde, ó wo ìjókòó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n mú sípánà wá. Ó rẹ ìjókòó náà sílẹ̀. Ó mú àpò iyọ̀ àti aṣọ òfì, ó fi okùn náà dì wọ́n mọ́lẹ̀ pinpin. Lẹ́yìn náà ni bàbá ẹni àádọ́rin ọdún yìí ká aṣọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, ó sì gùn ún lọ sáàárín ọjà. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó dé iwájú Láṣebìkan, ó rọra fa bíréèkì, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, àna wa," ni ó wí.

Láṣebìkan, tó ti dìde, tún dọ̀bálẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ìdọ̀bálẹ̀ ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Pé àgbàlagbà sọ̀ kalẹ̀ kí òun tí òun kò lè sọ̀ kalẹ̀ kí i, ìyẹn dùn ún ju ẹ̀rín ọjà lọ.

Baba ní kí ó dìde. "Níbo ni ẹ ti kọ́ ọ?"

"Ní pápá ilé-ìwé, Baba, ní ìdájí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdájí?"

"Kí àwọn ọmọṣẹ́ mi má baà rí mi bí mo bá ń ṣubú."

"Mélòó ni àwọn ọmọṣẹ́ náà?"

"Mẹ́fà ni wọ́n."

Baba Ọ̀jẹ́làdé yí ojú ká ọjà, láti àtẹ dé àtẹ, títí dé àwọn tó gun orí odi kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ó ní, "Àna wa, ẹ bá mi ka àwọn tó wà níbí."

Láṣebìkan kò lè gbójú sókè.

Àwọn obìnrin ọjà ṣa obì jọ. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n rí, mẹ́ta ti sọnù. Àwọn ará ilé ń wo ojú Baba. Ó ní, "Mo gba ẹrù yìí, nítorí ẹni tó lè sọ òtítọ́ tó tó báyẹn nípa ara rẹ̀ kì í ṣe agbéraga. Ṣùgbọ́n kò pé. Ọjọ́ tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ gbé obì mẹ́ta tó kù wá, tí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí mi níbí yìí, ọjọ́ náà ni màá fa Àbẹ̀jẹ́ lé yín lọ́wọ́. Kó tó di ìgbà náà, ó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀."

Láṣebìkan fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ogójì máìlì náà padà. Ó wà lára ohun tí ó fi jẹ ara rẹ̀ níyà. Gbogbo àgbà tí ó pàdé ni ó dọ̀bálẹ̀ fún. Nígbà tí ó dé odò, ó wá adẹ́mu yẹn rí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi bí a ṣe ń lẹ túùbù han òun. Ìṣọ̀lá ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Láṣebìkan sọ ohun gbogbo fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ bínú.

Ìṣọ̀lá wo oyin tó ti gbẹ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fara pa?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Láṣebìkan kó àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé Baba Olóbì. Ó bọ́ aṣọ sítáàṣì rẹ̀, ó fi kọ́ ọgbà, ó ku àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ṣòkòtò péńpé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baba Olóbì. Ó ní, "Baba, n kò lè sọ̀. Ẹ kọ́ mi."  Baba Olóbì di àpò yanrìn méjì mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní kí ó gùn ún.

Ó ṣubú. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà sì gbàgbé ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀gá òun ń wo òun, ẹ̀rù bà á.

Láṣebìkan gbọn eruku nù lára rẹ̀. "Máa rín in, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ti gbọ́ tọjà. Tìrẹ kò dùn mí."

Ó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣubú níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó fi rọ́bà méjì tí Baba Olóbì fi sílẹ̀ lórí tábìlì di obì mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ọjọ́ ọjà ni ó wọ Òkè-Awùn. Nígbà tí ó rí Baba Ọ̀jẹ́làdé níwájú ilé, ó fa bíréèkì, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọjà pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n Àbẹ̀jẹ́ a máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà tí ó ti di ìyá ọlọ́mọ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kò gbójú sókè wo ọjà yẹn lọ́jọ́ náà, pé kò sì wò ó títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà, ní Igbó-Ayín àti ní Òkè-Awùn, bí àgbà bá rí ẹni tó ń fi ẹ̀kọ́ pamọ́ nítorí ojú tó ń tì í, kì í bá a jiyàn. Ohun tí ó máa ń wí fún un kò ju èyí lọ: Ẹni tó bá tijú ìṣubú ẹ̀yìnkùlé, ojú ọjà ni yóò ti ṣubú.